Owó Ìfẹ̀yìntì Ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ẹ̀tọ́ Opó: Ìbéèrè Àwọn Obìnrin àti Ìdáhùn Wọn

Àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí dá lórí owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń san láti inú National Insurance, àti lórí owó tó tọ́ sí opó nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá kú. Àwọn obìnrin Yorùbá tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò kéré: ìyá tó ṣe nọ́ọ̀sì ní London kó tó padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, abilékọ tó ń tọ́mọ ní Manchester, ọ̀dọ́bìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pẹ̀lú físà iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, àti opó tó wà ní Ìbàdàn tí ọkọ rẹ̀ kú sí Ìlú Ọba. Iye owó tí a kọ síbí jẹ́ ti ọdún owó orí 2025 sí 2026, àyàfi ibi tí a bá ti dárúkọ ọdún mìíràn.

Kí ni National Insurance gan-an, báwo ló sì ṣe ń di owó ìfẹ̀yìntì?

Owó tí agbanisíṣẹ́ ń yọ lára owó oṣù òṣìṣẹ́ ni, òun náà a sì fi tirẹ̀ kún un, kó tó kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí HMRC, iléeṣẹ́ tó ń gba owó orí. Òṣìṣẹ́ ń san ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tó bá lé ní £12,570 lọ́dún títí dé £50,270, àti ìdá 2 lórí èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀. Kò rí bí àkáǹtì ìfẹ̀yìntì ti Nàìjíríà, níbi tí owó oníkálukú ti wà lọ́tọ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń bójú tó o, tí àwọn ajogún sì lè béèrè ìyókù rẹ̀. Owó tí ẹ̀ ń san lónìí, àwọn àgbàlagbà òní ni wọ́n ń fi san fún. Ohun tó jẹ́ tiyín ni àkọsílẹ̀ iye ọdún tí ẹ fi sanwó.

Ẹni tó bá dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2016 wá wà lábẹ́ òfin tuntun. Lábẹ́ òfin náà, ọdún 35 ló ń fún ènìyàn ní owó kíkún, tó jẹ́ £230.25 lọ́sẹ̀, ẹni tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò bá sì pé ọdún mẹ́wàá kò ní gba nǹkan kan. Láàárín méjèèjì, ọdún kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bíi £6.58 wá lọ́sẹ̀. Àwọn tí iṣẹ́ wọn ní owó ìfẹ̀yìntì tirẹ̀ kó tó di 2016, bí àwọn nọ́ọ̀sì NHS, san National Insurance tó kéré díẹ̀ nígbà náà, nítorí náà ọdún 35 lè má fún wọn ní owó kíkún. Kò sí ẹni tó rẹ́ wọn jẹ níbẹ̀, nítorí owó ìfẹ̀yìntì NHS wà lọ́tọ̀, ó sì ní ètò tirẹ̀ fún ọkọ tàbí aya tó bá kẹ́yìn olóògbé.

Ohun tí ó yẹ kí obìnrin mọ̀ jù nínú òfin 2016 ni pé ó fòpin sí gbígba owó ìfẹ̀yìntì nípasẹ̀ ọkọ. Àkọsílẹ̀ ọkọ yín, bó ti wù kó gùn tó, kò lè kún tiyín mọ́, àfi ní àwọn ọ̀nà díẹ̀ tí a óò mẹ́nu bà.

Ṣé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ka obìnrin kún bí ọkùnrin?

Rárá o. Owó arúgbó àkọ́kọ́, tí wọ́n fi òfin 1908 dá sílẹ̀, tí sísan rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1909, kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni ti dáwó tẹ́lẹ̀. Ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀ ni, fún tálákà tó bá ti pé ẹni àádọ́rin ọdún. Òfin 1925 ló so owó ìfẹ̀yìntì àti owó opó mọ́ owó tí òṣìṣẹ́ ń dá. Láti oṣù kìíní ọdún 1926, opó tí ọkọ rẹ̀ ti ń dáwó ń gba ṣílè mẹ́wàá lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ṣílè márùn-ún lórí àkọ́bí àti ṣílè mẹ́ta lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó tẹ̀lé e. Ẹ kíyè sí i pé ọkọ ló dáwó. Aya kàn ń gba èrè rẹ̀ ni, ìrònú yẹn sì ṣòro tu kúrò nínú òfin fún àádọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà.

Ní 1940 wọ́n sọ ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì obìnrin di ọgọ́ta ọdún. Ní 1942 William Beveridge kọ ìròyìn rẹ̀ tó di ìpìlẹ̀ ètò òde òní, èyí tí òfin 1946 fìdí rẹ̀ múlẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1948. Beveridge kò fojú di iṣẹ́ ilé. Ó kà á sí iṣẹ́ tí orílẹ̀-èdè kò lè ṣe aláìní. Ṣùgbọ́n ibi tó parí èrò rẹ̀ sí ni pé ọkọ ni kó máa dáwó fún àwọn méjèèjì.

Kí ni wọ́n ń pè ní sítáǹpù kékeré?

Òfin 1946 gba abilékọ tó ń ṣiṣẹ́ láàyè láti yàn bóyá yóò san owó kíkún bí ọkùnrin tàbí yóò san díẹ̀. Àwọn tó yan díẹ̀ ló san sítáǹpù kékeré, nítorí pé sítáǹpù ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ káàdì òṣìṣẹ́ nígbà náà. Nígbà tí wọ́n fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún rọ́pò sítáǹpù ní oṣù kẹrin ọdún 1975, ìdá 5.5 ni owó kíkún, ìdá 2 sì ni ti abilékọ tó yan díẹ̀. Obìnrin tó ń gba £30 lọ́sẹ̀ á san ọgọ́ta pẹ́nì dípò £1.65. Bí ìyàtọ̀ náà ṣe kéré lójú wa lónìí, owó gidi ni nínú ilé tí ọkọ ti ń kàwé tí aya sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ.

Sítáǹpù kékeré kì í mú owó ìfẹ̀yìntì wá. Ẹni tó bá san án nìkan kò ní àkọsílẹ̀ kankan fún ara rẹ̀ lórí àwọn ọdún náà. Ohun tí yóò gbé ara lé ni ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìpìlẹ̀ (basic pension, ìpín àkọ́kọ́ nínú owó ìfẹ̀yìntì lábẹ́ òfin àtijọ́) tí ọkọ rẹ̀ bá ń gbà, àti owó opó bí ọkọ náà bá kú. Wọ́n sì máa ń bi àwọn ìyá wa léèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi gbà. Ìdí kan wà tí a kì í sábà sọ. Òfin kan wà nígbà náà tó ní kí abilékọ ti san owó kíkún fún ó kéré tán ìdajì àkókò láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ títí yóò fi pé ọgọ́ta ọdún. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, gbogbo èyí tó san a di òfo. Obìnrin tó bá mọ̀ pé òun yóò fi ọdún púpọ̀ bímọ tọ́mọ ní ìdí tó yè kooro láti má san owó tí òfin ti múra láti gbé mì. Òpin àwọn ọdún 1970 ni wọ́n tó pa òfin yẹn rẹ́.

Ní ti àwọn Yorùbá tó lọ ní àwọn ọdún 1960, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ tí aya gbára lé fún owó ọjọ́ ogbó kì í ṣe òṣìṣẹ́ tó ń dáwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin tàbí ti ìṣirò owó ni, ó sì ṣe tán láti padà sílé nígbà tí ó bá gba ìwé ẹ̀rí. Àkọsílẹ̀ ọkọ fẹ́lẹ́, ti aya kò sí rárá, àwọn méjèèjì sì wọ ọkọ̀ padà sí Èkó pẹ̀lú ọdún díẹ̀ tí kò tó nǹkan.

Lẹ́yìn ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1977, kò sí abilékọ tó tún lè ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn án. Àwọn tó ti wà nínú rẹ̀ lè máa bá a lọ, ṣùgbọ́n yíyàn náà ń parí bí ìgbéyàwó bá tú ká, tàbí bí obìnrin náà bá lo ọdún owó orí méjì tẹ̀léra láìṣe iṣẹ́ tó ń mú National Insurance dání.

Mo san sítáǹpù kékeré rí. Ṣé nǹkan kan ṣì kù fún mi?

Ó ṣeé ṣe. Bí yíyàn yín bá ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 35 tó ṣáájú ọdún tí ẹ dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì, òfin 2016 ní ọ̀nà àkànṣe fún yín: nǹkan bíi £105.70 lọ́sẹ̀ fún ìpín ìpìlẹ̀ bí ọkọ yín bá wà láàyè, tàbí £176.45 bí ẹ bá jẹ́ opó tàbí tí ẹ ti kọ ara yín sílẹ̀, bí àkọsílẹ̀ tiyín kò bá mú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé tí ẹ fi yàn án lè ti sọnù. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ HMRC, ẹ lè kọ̀wé béèrè.

Mo fi ọdún púpọ̀ tọ́mọ nílé. Ṣé òfo ni àwọn ọdún náà?

Kì í ṣe òfo, bí orúkọ yín bá wà lórí ìwé Child Benefit, owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san fún ẹni tó ń tọ́mọ. Láti 1978 títí di 2010, ètò kan tí wọ́n ń pè ní Home Responsibilities Protection ń dín iye ọdún tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́mọ kù. Láti oṣù kẹrin ọdún 2010, kírẹ́dìtì ni wọ́n ń fúnni dípò rẹ̀: ọdún kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi gba Child Benefit lórí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá ń ka bí ọdún tí ẹ sanwó.

Ibi méjì ni àwọn obìnrin ti ń pàdánù nínú rẹ̀. Èkíní kan àwọn tó béèrè Child Benefit kó tó di oṣù karùn-ún ọdún 2000. Wọn kì í fi dandan gba nọ́ńbà National Insurance sílẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù nígbà náà, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọdún ìtọ́mọ kò wọ inú àkọsílẹ̀ rárá. Ní 2023 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí àwọn tó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà kàn, ṣùgbọ́n ẹni tó ti kó kúrò ní àdírẹ́sì àtijọ́, tàbí tó ti padà sí Nàìjíríà, lè má rí lẹ́tà. Fọ́ọ̀mù tí ẹ lè fi béèrè fúnra yín ni CF411. Èkejì kan àwọn ilé tí owó ti ń wọlé dáadáa. Bí ọ̀kan nínú tọkọtaya bá ń gba ju £60,000 lọ, owó orí a máa gba apá kan Child Benefit padà, èyí tó ń mú kí àwọn kan sọ pé kí làǹfààní, wọn a sì fi sílẹ̀. Ẹ kọ fọ́ọ̀mù náà, kí ẹ sì sọ níbẹ̀ pé ẹ kò fẹ́ owó. Kírẹ́dìtì yóò wọlé. Orúkọ ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ni kó wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ti bàbá tó ti ń san National Insurance lẹ́nu iṣẹ́.

Mo ń ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó ní ibi mẹ́ta. Ṣé gbogbo rẹ̀ ló ń kà?

Ẹ mú ìwé owó oṣù yín wá síwájú, kí ẹ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, torí òfin kì í pa wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán £125 wá lọ́sẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Láàárín £125 àti £242 lọ́sẹ̀, wọn kò ní yọ National Insurance lára owó yín, síbẹ̀ wọ́n yóò kà á bíi pé ẹ san án. Nísàlẹ̀ £125, kò sí nǹkan kan. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní ìdájí fún £110, tó ń tún ilé ìwé ṣe lọ́sàn-án fún £110, tó tún ń lọ sí ilé ìfowópamọ́ lálẹ́ fún £110, ti gba £330 lọ́sẹ̀, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì lè ṣófo síbẹ̀. Ẹlòmíràn tó ń gba £130 níbi kan ṣoṣo ti ní ọdún tirẹ̀. Lójú tèmi, kò sí apá mìíràn nínú ètò yìí tó le sí obìnrin tó báyìí. Bí agbanisíṣẹ́ kan bá lè fi wákàtí díẹ̀ kún un títí iṣẹ́ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fi kọjá £125, ẹ gbà á.

Físà iṣẹ́ ni mo fi wà níbí. Ṣé mo ń dáwó fún ara mi tàbí fún àwọn ẹlòmíràn?

Fún ara yín ni. Ọdún tí ẹ fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ físà ń kà bí ti ọmọ onílùú, owó ìfẹ̀yìntì ìjọba kò sì sí lára àwọn owó ìrànwọ́ tí físà dí yín lọ́wọ́ láti gbà. Child Benefit ló wà lára wọn. Ìyẹn ni pé abilékọ tó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ wá, tó ń tọ́mọ nílé láìṣiṣẹ́, tí físà wọn sì ní kí wọ́n má gba owó ìrànwọ́, kò ní rí kírẹ́dìtì ìtọ́mọ kankan gbà títí físà wọn yóò fi yí padà. Ẹ fi sọ́kàn pẹ̀lú pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Nàìjíríà kò ní àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ yìí: ọdún tí ẹ fi ń dáwó ìfẹ̀yìntì ní Nàìjíríà kò lè dara pọ̀ mọ́ ti ibí.

Ìyá mi ló ń bá mi mójú tó ọmọ kí n lè lọ síbi iṣẹ́. Ṣé òun náà lè rí nǹkan gbà?

Bí ìyá bá ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sì tíì dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì, ẹ lè fi kírẹ́dìtì Child Benefit yín fún un, nítorí ẹ̀yin ti ń ní ọdún tiyín lẹ́nu iṣẹ́. Láti 2011 ni èyí ti wà. Ìyá tó fi físà àbẹ̀wò wá ṣe ìtọ́jú ọmọ tuntun fún oṣù díẹ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, owó rẹ̀ sì kéré jù. Báwo ni a ṣe lè mọ̀ bóyá wọ́n ń rẹ́ ẹ jẹ?

Obìnrin tí wọ́n bí ṣáájú ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1953 wà lábẹ́ òfin àtijọ́. Lábẹ́ òfin yẹn, abilékọ tí owó ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò tó ìdá 60 ti ọkọ rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí kí wọ́n fi kún un títí dé ibẹ̀, opó sì lè lo gbogbo àkọsílẹ̀ ọkọ rẹ̀ tó ti kú láti mú owó ìpìlẹ̀ rẹ̀ kún. Láti ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2008, ó yẹ kí kọ̀ǹpútà DWP, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń san owó ìfẹ̀yìntì, máa ṣe àfikún náà fúnra rẹ̀ nígbà tí ọkọ bá dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà kò ṣẹlẹ̀. Ìwádìí àwọn ayẹ̀wéwò ìjọba ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 fojú bù ú pé wọ́n jẹ àwọn arúgbó tó tó 134,000 ní owó tó lé ní bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn, tí obìnrin sì pọ̀ jù nínú wọn: abilékọ, opó, àti àwọn tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ní 2021 ni DWP bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn kiri láti san gbèsè náà.

Ṣùgbọ́n bí ọkọ bá ti dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì ṣáájú ọjọ́ tí a dárúkọ yẹn, aya fúnra rẹ̀ ló yẹ kó béèrè, ẹni tí kò bá sì béèrè kò sí lára àwọn tí DWP wá kiri. Tó bá bèèrè nísinsìnyí, oṣù méjìlá sẹ́yìn nìkan ni wọ́n lè san fún un. Kí ẹ wo lẹ́tà owó ìfẹ̀yìntì ìyá: bí ìlà owó ìpìlẹ̀ bá kéré sí £105.70, tí bàbá sì ń gba tirẹ̀ ní kíkún, ẹ pè wọ́n. Bí ìyá bá ti di opó, £176.45 ni kí ẹ fi wé e.

Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Kí ló tọ́ sí mi?

Bí ẹ kò bá tíì dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì, orúkọ owó náà ni Bereavement Support Payment, ó sì wà fún ọkùnrin tí aya rẹ̀ kú pẹ̀lú. Òun ló rọ́pò gbogbo owó opó àtijọ́ láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2017. Ẹni tó ní ọmọ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí Child Benefit ń gba £3,500 lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà £350 lóṣooṣù fún oṣù 18. Ẹni tí kò ní ń gba £2,500 àti £100 lóṣooṣù fún iye oṣù kan náà. Wọn kì í yọ owó orí níbẹ̀. Iye yìí kò tíì yí padà láti 2017, bí ọjà ti gbówó lórí tó.

Olóògbé ló yẹ kó ti dáwó, kì í ṣe opó: ọ̀sẹ̀ 25 nínú ọdún owó orí kan ṣoṣo láti oṣù kẹrin ọdún 1975 tó, kódà bó bá ti pẹ́. Bó bá jẹ́ ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́ tàbí àrùn tí iṣẹ́ fà ló pa á, wọn kò ní béèrè ìyẹn pàápàá.

Ọjọ́ ló ń pa ọ̀pọ̀ opó lára. Ẹni tó bá béèrè láàárín oṣù mẹ́ta ló ń gba gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù tó bá ti kọjá ti lọ, tó bá sì lé ní oṣù méjìlá, owó àkọ́kọ́ náà a bọ́. Oṣù mẹ́ta dà bí àkókò gígùn fún ẹni tí kò ṣòfò rí. Opó mùsùlùmí tó wà nínú tákàbà fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá lè jáde bọ̀ kó rí i pé ọjọ́ ti lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó gbé òkú ọkọ rẹ̀ lọ sin sílé, tí àwọn ẹbí kò sì jẹ́ kó tètè padà. Kò sí ohun tó ní kí opó fúnra rẹ̀ jáde nílé: orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí tẹlifóònù ni wọ́n ti ń ṣe é, ọmọ tàbí àbúrò sì lè jókòó tì í. Ètò tó ń fi ikú tó gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba létí lẹ́ẹ̀kan náà kò dípò ìbéèrè yìí. Ọ̀tọ̀ ni kí ẹ ṣe é.

Ìdána la ṣe ní Peckham, a kò lọ sí rẹ́jísìrì. Ṣé opó ni mí lójú òfin?

Rárá. Ìdána tàbí nikáà tí a ṣe lórí ilẹ̀ England, láìsí ìforúkọsílẹ̀ lábẹ́ òfin ìgbéyàwó wọn, kì í ṣe ìgbéyàwó lójú òfin náà, bó ti wù kí aṣọ ẹbí pọ̀ tó. Ìdána tàbí nikáà tí a ṣe ní Nàìjíríà yàtọ̀: bó bá tọ̀nà lábẹ́ òfin ibi tí a ti ṣe é, wọ́n lè gbà á, ṣùgbọ́n wọn yóò béèrè ẹ̀rí, bíi ìwé láti ìjọba ìbílẹ̀, ìwé ìbúra àwọn àgbà ẹbí méjèèjì, àti àwòrán ọjọ́ náà.

Ìtura díẹ̀ wà láti ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 2023. Lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ dá obìnrin kan láre ní 2018, wọ́n na Bereavement Support Payment dé ọ̀dọ̀ àwọn tó jọ ń gbé láìṣègbéyàwó, bí ọmọ bá wà láàárín wọn. Ẹni tí kò bímọ kò sí nínú rẹ̀.

Ọkọ mi ní ìyàwó méjì. Èwo nínú wa ni yóò gba owó opó?

Bí àwọn méjèèjì bá ṣì jẹ́ aya rẹ̀ lójọ́ tó kú, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má gbà á. Ìlànà 1975 ni pé wọ́n ń ka ìgbéyàwó tí òfin rẹ̀ gba obìnrin púpọ̀ láàyè sí ìgbéyàwó aláya kan ní gbogbo ọjọ́ tí aya bá jẹ́ ẹyọ kan ní òdodo. Ọjọ́ tí èkejì bá wọlé lábẹ́ òfin, ẹ̀tọ́ náà dúró. Ní òpin àwọn ọdún 1990, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní London dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kọ̀ láti ka opó ọkùnrin aláya méjì sí opó lábẹ́ òfin náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má tètè gbà pé aya méjì ni. Bí ẹ̀yin àti ọkọ yín bá lọ sí rẹ́jísìrì, yálà ní Ìkòyí tàbí ní London, obìnrin tó fẹ́ lẹ́yìn náà lábẹ́ òfin ìbílẹ̀ kì í ṣe aya lójú òfin, ẹ̀yin nìkan sì ni opó. Bákan náà, ọkùnrin tó ti fi England ṣe ibùgbé rẹ̀ títí láé kò lè fẹ́ ìyàwó kejì tó tọ̀nà níbikíbi lágbàáyé lójú òfin wọn. Ó kan gbogbo ìdílé tí bàbá ti ní ilé kan síbí tó tún ní òmíràn sí Àkúrẹ́. Àwọn ọmọ ló sì máa ń wá ìdáhùn rẹ̀ nígbà tí bàbá ti lọ.

Nàìjíríà ni mo wà nígbà tí ọkọ mi kú sí London. Ṣé mo lè béèrè?

Bereavement Support Payment kò ní kàn yín, nítorí ó béèrè pé kí opó ti ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní orílẹ̀-èdè tí òfin náà dárúkọ nígbà tí ọkọ kú, Nàìjíríà kò sì sí lára wọn. Ó dunni, nítorí ọkọ náà lè ti dáwó fún ọgbọ̀n ọdún. Bí wọ́n bá bí yín ṣáájú ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1953, ẹ wò ó síwájú sí i: òfin àtijọ́ gba opó láàyè láti gba owó ìfẹ̀yìntì lórí àkọsílẹ̀ ọkọ rẹ̀, kódà bí kò bá tẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí. Iléeṣẹ́ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àwọn tó wà lókè òkun, International Pension Centre, ni ẹ ó kọ̀wé sí.

Bí mo bá tún lọ́kọ mìíràn ńkọ́?

Bereavement Support Payment kò dúró. Owó opó àtijọ́, ti àwọn tí ọkọ wọn kú ṣáájú oṣù kẹrin ọdún 2001, ń parí tí opó bá tún ṣègbéyàwó. Ní ti owó ìfẹ̀yìntì, ẹni tó bá ṣègbéyàwó mìíràn kó tó dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì ń pàdánù ẹ̀tọ́ láti jogún nǹkan kan lára ti ọkọ àkọ́kọ́.

Kí ló dé tí owó mi kò gòkè láti ìgbà tí mo ti padà sílé?

Nítorí pé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi owó kún owó ìfẹ̀yìntì lọ́dọọdún fún àwọn tó wà nílé, ní àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó bá wọn ṣe àdéhùn, àti ní àwọn díẹ̀ mìíràn bí Amẹ́ríkà àti Jamaica. Nàìjíríà kò sí nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni Kánádà àti Ọsirélíà. Ìyá tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìpìlẹ̀ kíkún ní Abẹ́òkúta ní oṣù kẹrin ọdún 2001 ń gba £72.50 lọ́sẹ̀, òun náà ló sì ń gbà títí di òní. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dúró sí London ń gba £176.45. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbé e dé ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù, wọ́n sì pàdánù ní 2010. Bí ìyá náà bá padà lọ gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó rẹ̀ a gòkè dé ti òní; bó bá tún kúrò, a padà sí ti tẹ́lẹ̀. Owó ìrànwọ́ Pension Credit kì í bá ènìyàn wá sí Nàìjíríà rárá. Ó dára kí ẹni tó ń gbèrò láti padà sílé ti ṣírò gbogbo èyí kó tó kọ́ ilé tán.

Ọdún mẹ́jọ ni mo ní. Ṣé mo lè ra ìyókù láti Nàìjíríà?

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n sábà máa ń gbà kí ènìyàn san gbèsè lé lórí. Class 3, ìyẹn National Insurance tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ san láti dí ọdún tó ṣófo, jẹ́ £17.75 lọ́sẹ̀, nǹkan bíi £923 fún ọdún kan, ọdún kan náà sì ń mú nǹkan bíi £342 wá lọ́dọọdún, nítorí náà kò tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì tí owó náà yóò padà. Fún ẹni tó ní ọdún mẹ́jọ èrè rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọdún méjì péré ló wà láàárín òun àti gbígba ohunkóhun. Class 2, irú mìíràn tó jẹ́ £3.50 péré lọ́sẹ̀, ni àwọn tó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó lọ máa ń san láti òkè òkun tẹ́lẹ̀. Ìjọba sì kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 pé àwọn yóò pa ọ̀nà yẹn dé láti oṣù kẹrin ọdún 2026, àti pé ẹni tó wà lókè òkun yóò nílò ọdún mẹ́wàá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san Class 3.

Àwọn obìnrin tí wọ́n bí láàárín ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1950 àti ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1953 kò nílò ọdún mẹ́wàá rárá. Ọdún kọ̀ọ̀kan tí obìnrin nínú wọn bá ní ń fún un ní ìdá kan nínú ọgbọ̀n owó ìpìlẹ̀, kódà bó jẹ́ ọdún kan ṣoṣo.

Ọmọ ọdún mélòó ni obìnrin ń jẹ́ kó tó gbà á báyìí?

Ẹni ọdún 66 ni títí di oṣù kẹrin ọdún 2026, bí ọkùnrin. Láti ìgbà náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń gòkè títí yóò fi di 67 ní ọdún 2028. Òfin 1995 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e kúrò ní ọgọ́ta, òfin 2011 sì mú un yára. Àwọn obìnrin tí wọ́n bí ní àwọn ọdún 1950 ló jìyà rẹ̀ jù, torí ọ̀pọ̀ wọn kò tètè gbọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Ombudsman, ẹni tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú sí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba, sọ pé DWP kùnà nínú bí ó ṣe fi tó wọn létí, ó sì dá a lábàá pé kí wọ́n san láàárín £1,000 àti £2,950 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ìjọba kọ̀.

Báwo ni mo ṣe lè béèrè tèmi?

Owó náà kì í wá fúnra rẹ̀. Oṣù méjì ó kéré tán ṣáájú ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì, lẹ́tà yẹ kó dé. Bí kò bá dé, ẹ béèrè láìdúró dè é. Ẹni tó pẹ́ lè gba oṣù méjìlá sẹ́yìn. Ṣáájú ìgbà náà, ẹ wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba láti wo àkọsílẹ̀ National Insurance yín lọ́dún kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wá ọdún tó bá ṣófo. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀, tó sì yí i padà lẹ́yìn ìgbéyàwó, kó kọ orúkọ méjèèjì sínú ìbéèrè rẹ̀, kó sì fi ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó tì í. Àwọn tó wà ní Nàìjíríà yóò máa gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n wà láàyè láti ọwọ́ International Pension Centre. Ẹlẹ́rìí tí ìlànà ìwé náà fọwọ́ sí ni yóò bá wọn buwọ́ lù ú, tí wọn yóò sì dá a padà, torí wọ́n lè dá owó ẹni tí kò bá dá a padà dúró.